Ìpín Firmin

Ẹran tí wọ́n bá pa ní Combescure, abúlé wa, kì í ṣe ti ẹni tí ọta rẹ̀ bà á. Ti gbogbo ẹni tó jáde lówùúrọ̀ ni, títí kan ọ̀lẹ tó fẹ̀yìn ti igi óákù tó ń mu wáìnì títí iṣẹ́ fi parí. Láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú ni mo ti ń se oúnjẹ fún wọn nínú àgọ́ ọdẹ. Mo mọ àwọn ọ̀lẹ inú wọn dáadáa, àwọn náà sì mọ̀ pé mo mọ̀ wọ́n.

Bí wọ́n bá ti kun ẹlẹ́dẹ̀ igbó tán, wọn a kó ẹran rẹ̀ sórí tábìlì gígùn ní òkìtì-òkìtì. Ẹnì kan á kọ ẹ̀yìn sí tábìlì náà kí ó má baà rí òkìtì tó sàn jù. Ẹlòmíràn á na ọ̀bẹ sí òkìtì kan, á béèrè pé, “Ta ló ni èyí?” Ẹni tó kẹ̀yìn á dárúkọ. Orúkọ tó bá ti jáde lẹ́nu rẹ̀, àríyànjiyàn ti tán. Ẹni tí kò tíì ti inú igbó dé ní ìpín. Ẹni tó ṣubú tí wọ́n gbé lọ sí ọsibítù ní ìpín. Òkú nìkan ni kò ní. Bí àwọn bàbá wa ti ń ṣe é nìyẹn, a kò sì rí ìdí tí a ó fi yí i padà.

Urbain, àbúrò mi, ni olórí ọdẹ, òun ló sì máa ń dárúkọ. Èmi ni mo tọ́ ọ nígbà tí ìyá wa kú. Ọwọ́ mi ló ti kọ́ bí a ṣe ń di okùn bàtà àti bí a ṣe ń gbàdúrà. Àwa méjèèjì ló kù nínú ìdílé wa. Kò fẹ́ ìyàwó, ajá ló fẹ́. Abẹ́rẹ́ àti okùn kì í kúrò nínú àpò ẹ̀wù ọdẹ rẹ̀, nítorí ẹlẹ́dẹ̀ igbó a máa fi eyín ya ikùn ajá. Bí ó bá ti ya ọ̀kan báyìí, Urbain á kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, á ti ìfun rẹ̀ padà sínú, á sì rán ikùn náà pọ̀ bí ẹni ń rán ìrọ̀rí. Púpọ̀ nínú wọn ló yè. Ó ti rán Mirette, abo ajá rẹ̀ funfun, rí. Mirette ń jẹun ṣáájú mi nínú ilé tí bàbá tèmi kọ́, mi ò sì gbọdọ̀ sọ̀rọ̀.

Firmin wà nínú àwọn ọdẹ náà. Ó mọ ìbọn yìn, ẹnu rẹ̀ sì mú. Ó ti pẹ́ tó ti ń fẹ́ ipò Urbain. Kò sí ẹni tí kì í fi ṣe yẹ̀yẹ́, àwọn ènìyàn a sì máa rẹ́rìn-ín títí tí yóò fi kàn wọ́n.

Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ọjọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí, Aurèle ló kàn. Aurèle yìí ń sin ewúrẹ́ lókè Combescure. Ará Lille, ìlú ńlá kan ní àríwá ilẹ̀ Faransé, ni, òun àti Nadège ìyàwó rẹ̀ ló wá ra oko ahoro kan, tí wọ́n ń fi wàrà ewúrẹ́ ṣe wàràkàṣì. Àwọn ajá ọdẹ ti wọ ọgbà rẹ̀, wọ́n fa ewúrẹ́ rẹ̀ ya. Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi, ó gbá Firmin lọ́rùn ẹ̀wù mú lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì.

“Bí ajá yín bá tún wọ ọgbà mi, Firmin, ikùn ìwọ gan-an ni màá ya!”

Firmin kò tiẹ̀ jà. Ńṣe ló ké “mẹ̀ẹ́ẹ̀” bí ewúrẹ́ sí i lójú. Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Aurèle jù ú sílẹ̀, ó fa ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n lọ.

Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, kùrukùru bo gbogbo òkè. Mo gbọ́ tí ajá ń gbó, mo gbọ́ tí ìbọn ń ró, mo sì gbé ìkòkò ọbẹ̀ kaná. Nígbà tó di ọ̀sán gangan, wọ́n wọ́ ẹlẹ́dẹ̀ igbó ńlá kan dé. Urbain ló kẹ́yìn wọn. Mirette ló gbé mọ́ àyà. Orí ajá náà ń mì síwá sẹ́yìn, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ti wẹ àbúrò mi dé orúnkún.

“Ẹlẹ́dẹ̀ ló pa á,” ló wí.

“Pẹ̀lẹ́, àbúrò mi. Pẹ̀lẹ́ o.”

Ó tẹ́ ajá náà sẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀, ó bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, ó fi bò ó. Fulcran, aláwàdà inú wọn, na ọwọ́ láti ṣí ẹ̀wù náà kí ó wo ojú ọgbẹ́. Urbain gbá a lọ́wọ́ tí ó fi ta sẹ́yìn.

“Ó dáa, ó dáa, Ọ̀gá! Ẹ má pa èmi náà mọ́ ọn.”

Firmin kò tíì dé. Kò sí ẹni tó bìkítà. Ẹ̀gbẹ́ orísun omi lókè téńté ló máa ń lúgọ sí, bí inú bá sì ti ń bí i, ibẹ̀ náà ló máa ń gbà lọ sílé láìkí ẹnikẹ́ni. Clovis, àbúrò rẹ̀, ní kí wọ́n má dúró dè é. Wọ́n kun ẹran, wọ́n pín in sí òkìtì. Urbain kọ ẹ̀yìn sí tábìlì, ó sì kọjú sí ibi tí mo ti ń ro ọbẹ̀. Clovis mú ọ̀bẹ.

“Ta ló ni èyí?”

“Fulcran.”

“Egungun ni o! Ọ̀gá, kí ni mo ṣe yín?” ni Fulcran wí, wọ́n sì rẹ́rìn-ín.

“Ta ló ni èyí?”

“Ìwọ, Clovis.”

Báyìí ni wọ́n ṣe ń bá a lọ títí ó fi ku òkìtì kan.

“Ta ló ni èyí?”

Urbain dákẹ́.

“Ọ̀gá, à ń retí yín o.”

“Ó ti parí.”

“Kò tíì parí. Òkìtì kan ṣì wà níbí.”

“Ọ̀gá ti darúgbó!” ni Fulcran kígbe. “Lọ́la, orúkọ ara wọn ni wọ́n máa gbàgbé. Màmá Honorine, ẹ kọ ọ́ sí wọn lọ́rùn ẹ̀wù bí ti ọmọ ilé ìwé!”

Èmi nìkan ni mo ń wo ojú Urbain. Ètè rẹ̀ ń mì, ọ̀rọ̀ kò jáde. Mo rò pé ọ̀fọ̀ ajá ló ń ṣe é, àánú rẹ̀ sì ṣe mí.

“Firmin,” ló wí níkẹyìn, bí ẹni tí egungun há lọ́fun.

Wọ́n gbé òkìtì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n jókòó ti ọbẹ̀. Wọn kò tíì jẹun dé ìdí àwo tí ajá Firmin fi dé ní òun nìkan. Ẹ̀jẹ̀ wà lẹ́nu rẹ̀, kò sì sí ọgbẹ́ kankan lára rẹ̀. Clovis fi ọwọ́ nu ẹnu ajá náà, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó sì dìde.

Àkàbà ni wọ́n fi gbé òkú Firmin sọ̀ kalẹ̀ láti ibi orísun omi. Ọta tí a fi ń pa ẹlẹ́dẹ̀ igbó kì í ṣe ohun eré. Ihò tó wà láyà rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n ti ẹ̀yìn gba ìkúùkù. Ẹnì kan ti kọ́kọ́ fọ́ ẹnu rẹ̀, eyín rẹ̀ wà lórí àgbọ̀n. Clovis ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àkàbà náà, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo àyà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bí ẹni pé ẹ̀jẹ̀ ṣì kù tí ó lè dá dúró.

Mi ò mọ ẹni tó kọ́kọ́ dárúkọ Aurèle. Bí wọ́n bá ní kí n búra, màá ní gbogbo wọn ló sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Wọ́n fóònù sí àwọn ọlọ́pàá nísàlẹ̀. Yìnyín ti bo ọ̀nà, wọ́n ní yóò pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó gòkè.

“Kí wọ́n máa rọra bọ̀,” ni Clovis wí, ó ń ti ọta bọ ìbọn. “Òkú méjì ni wọ́n máa bá.”

Mo sáré wọ ọkọ̀ Urbain. Ṣé kí n jókòó ti ìkòkò kí n máa retí ìròyìn ni?

“Urbain, ìwọ ni olórí wọn. Sọ fún wọn kí wọ́n dúró de ọlọ́pàá.”

“Wọn ò ní gbọ́, Ẹ̀gbọ́n.”

“O ti sọ ọ́ tí wọn ò gbọ́?”

Ó ń wa ọkọ̀ tẹ̀ lé àwọn yòókù gòkè, ọwọ́ rẹ̀ sì ń gbọ̀n lórí ìdarí ọkọ̀. Ọwọ́ tí kì í gbọ̀n nígbà tó bá ń rán ìfun ajá. Mo ń wo ọwọ́ náà, òkìtì tó kù lórí tábìlì sì padà sí mi lọ́kàn. Láti ọjọ́ tí Urbain ti ń dárúkọ, kò fo ẹnikẹ́ni rí. Kò fo ẹni tó ń ṣàìsàn, kò fo ọ̀tá rẹ̀. Ó ní ó ti parí. Òkú nìkan ni ìpín kì í kàn. Nígbà tó sọ bẹ́ẹ̀, ajá Firmin kò tíì dé.

Mo fẹ́ bi í, ẹ̀rù ìdáhùn sì bà mí. Adìẹ bà lókùn: ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìẹ. Bí mo bá dákẹ́, wọn yóò pa ọmọ ọlọ́mọ. Bí mo bá sọ̀rọ̀, ọmọ tí mo tọ́ ni. Mo bẹ Ọlọ́run kí Aurèle má sí nílé.

Ó wà nílé. Inú ilé ewúrẹ́ ló wà, ó ń fún wàrà. Clovis fi irun orí wọ́ ọ jáde, korobá wàrà dànù sórí yìnyín. Kò tíì lè dìde dúró tí Clovis fi gbá ìdí ìbọn mọ́ ọn lẹ́nu. Mo gbọ́ tí eyín ṣẹ́. Àwọn yòókù ya bò ó pẹ̀lú bàtà. Fulcran aláwàdà wà níbẹ̀, ẹni tó máa ń gbé igi ìdáná wá fún mi láìjẹ́ pé mo bẹ̀ ẹ́, ó ń ta ọkùnrin tó wà nílẹ̀ nípàá níhà, ó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ. Ẹnì kan yìnbọn pa òbúkọ tó sá jáde. Nadège sáré yọ pẹ̀lú àmúga koríko lọ́wọ́, wọ́n gbá a ṣubú, orí rẹ̀ sì lu ògiri.

“Mi ò rí i!” ni Aurèle ń ké, ẹ̀jẹ̀ ń tú lẹ́nu rẹ̀. “Láti àárọ̀ ni mo ti wà níbí! Ẹ bi Nadège! Mo bẹ̀ yín, mi ò rí i!”

Clovis kúnlẹ̀ lé e láyà, ó ti ẹnu ìbọn bọ abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀.

“Sọ pé ìwọ ni. Sọ ọ́!”

Mo wo Urbain. Ó dúró ti ilẹ̀kùn ọkọ̀, ó di í mú gírígírí. Mo ń fi ojú bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Kò wo ọ̀dọ̀ mi. Ìka Clovis sì ti wà lórí ìbọn.

“Urbain!” Mo kígbe débi pé ọ̀fun mi dùn mí. “Kí ló dé tí o kò fi kọ́kọ́ dárúkọ Firmin?”

Bàtà dúró. Clovis gbé orí sókè.

“Màmá Honorine, ẹ kúrò níbí. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti obìnrin.”

“Pa ẹnu dé! Ìwọ lo na ọ̀bẹ sí òkìtì yẹn. Etí rẹ ló fi gbọ́ ọ. Kí ló sọ?”

“Ó gbàgbé—”

“Ó ní ó ti parí! Clovis, ta ni ìpín kì í kàn nínú wa?”

Mo rí i tí ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára díẹ̀díẹ̀. Mo yí sí àbúrò mi.

“Ta ló sọ fún ọ pé Firmin ti kú, Urbain? Kò sí ẹnì kankan nínú wa tó tíì mọ̀ nígbà náà.”

Ká ní ó sọ pé òun gbàgbé ni, wọn ìbá gbà á gbọ́. Ta ni kì í gbàgbé? Wọn ìbá lé mi sínú ọkọ̀ bí arúgbó tí orí rẹ̀ ti dàrú, Clovis ìbá sì fa ìbọn. Urbain mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó wo ọkùnrin tó wà nílẹ̀, ó wo wàrà àti ẹ̀jẹ̀ tó dà pọ̀ lórí yìnyín, ó sì jọ̀wọ́ ilẹ̀kùn ọkọ̀.

“Mi ò gbàgbé,” ló wí. “Mo fẹ́ pè é. Ẹnu mi ló kọ̀.”

Ó lọ sẹ́yìn ọkọ̀, ó ṣí ẹ̀wù kúrò lára Mirette. Ikùn ajá náà ya lóòótọ́, ṣùgbọ́n ihò ọta wà létí rẹ̀, irun ibẹ̀ sì jó.

“Mo gbọ́ ohùn Mirette láti ìsàlẹ̀. Mo ń sáré gòkè, mo ń pariwo pé kí Firmin má fọwọ́ kàn án, mo ní abẹ́rẹ́ wà lọ́wọ́ mi. Ó gbọ́ mi. Ó dúró títí mo fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kí n lè rí i. Ìgbà náà ló gbé ìbọn sí ajá náà létí. Ó ní, ‘Lọ rán òmíràn.’ Mo fi ìdí ìbọn gbá a lẹ́nu. Ó ṣubú, ó ṣì ń rẹ́rìn-ín. Mo ní kí ó dákẹ́. Kò dákẹ́.” Ó nu ojú. “Mo sún sẹ́yìn, mo yìn ín.”

“Nítorí ajá?” ni Clovis wí. Ohùn rẹ̀ rọ̀ bí ti ọmọdé. Ó dìde lórí Aurèle. “Ẹ̀gbọ́n mi. Nítorí ajá?”

Ó gbé ìbọn kọjú sí Urbain. Mi ò mọ bí mo ṣe dé àárín wọn.

“Ẹ kúrò, Màmá.”

“Mi ò kúrò.”

“Màmá, mo bẹ̀ yín.” Omi ń dà lójú rẹ̀. “Ẹ̀yin náà lẹ sọ ọ́. Ẹ̀yin lẹ fi í lé mi lọ́wọ́.”

“Kí o má baà pa ẹni tí kò ṣẹ̀ ni mo ṣe sọ ọ́. Mi ò ní kí o pa ẹnikẹ́ni.”

Kò yìn ín. Ó yí ìbọn padà, ó fi ìdí rẹ̀ gbá Urbain, apá mi ló sì bà. Mo gbọ́ bí egungun ṣe ṣẹ́ kí n tó mọ ìrora. Nígbà náà ni gbogbo wọn ya bo àbúrò mi, ẹsẹ̀ kan náà, bàtà kan náà, tí ẹ̀jẹ̀ Aurèle kò tíì gbẹ lára rẹ̀. Ọ̀gá wọn ni láàárọ̀. Kò gbé ọwọ́ sókè láti fi bo ojú. Mo dùbúlẹ̀ lé e lórí pẹ̀lú apá mi tó ṣẹ́. Mo ń bú wọn, mo ń bú ìyá wọn, mo ń bú ọjọ́ tí mo fún wọn lọ́bẹ̀ jẹ. Wọ́n ń wá ibi tí ara mi kò bò láti ta á.

Nadège ló gbà wá. Ó gbé àmúga rẹ̀ nílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn láti orí rẹ̀ sọ́rùn, ó sì dúró lé wa lórí.

“Ó tó! Ẹnì kan ò tó yín lóòjọ́ ni? Ẹ kúrò lórí ilẹ̀ mi!”

Ẹnu yà wọ́n ni, mo rò. Fulcran yí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó bì. Clovis jókòó sórí yìnyín, ó ń pe orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Àwọn ọlọ́pàá dé nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú lọ. Wọ́n gbé Aurèle lọ sí ọsibítù. Ó yè, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ọ̀tún kò ríran mọ́, òun àti Nadège sì ta ewúrẹ́ wọn nígbà ìrúwé. Wọ́n kó Clovis àti Fulcran náà, wọ́n dá wọn padà lẹ́yìn ìgbà díẹ̀. Ní Combescure, wọ́n ń sọ títí dòní pé èmi ni mo ta àbúrò mi. Àwọn tó fẹ́ fi ẹsẹ̀ pa á ló ń sọ ọ́. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Mo rí ojú wọn lọ́jọ́ náà, mi ò sì jẹ wọ́n ní àlàyé.

Kí wọ́n tó gbé Urbain lọ, ọlọ́pàá kan jẹ́ kí n sún mọ́ fèrèsé ọkọ̀. Nadège ti fi ìborùn rẹ̀ gbé apá mi kọ́ ọrùn. Ojú àbúrò mi wú tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò mọ̀ bóyá ó rí mi. Mo ti múra sílẹ̀: bí ó bá fẹ́ ṣépè fún mi, kí ó ṣẹ́; bí ó bá fẹ́ dárí jì mí, mo ń fẹ́ ẹ, mo ń fẹ́ ẹ gidigidi.

“Ẹ̀gbọ́n,” ló wí, ètè rẹ̀ kò fẹ́ ṣí. “Àwọn ajá ò tíì jẹun o.”

Mo dúró kí ó fi òmíràn kún un. Ọkọ̀ ti ń lọ.

Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ sílé, mo fi apá kan gbé garawa lọ síbi ọgbà àwọn ajá. Wọ́n fò mọ́ mi, wọ́n ń gbọ́ òórùn Urbain lára aṣọ mi. Ìgbà tí wọ́n ń jẹun ni mo tó sunkún.